Ọdún Méjìdínlógójì Lẹ́nu Ọ̀nà Ìjọ Ọmọdé

Ọmọbìnrin kan wá bá mi nílé láìpẹ́ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, ìjọ kan sì fẹ́ gbà á síṣẹ́ kó máa bójú tó àwọn ọmọdé wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ ṣe é pẹ́ jù ní gbogbo àdúgbò yìí. Ṣé iṣẹ́ tí èèyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ni?" Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó ná. Ó ti lọ tán kí n tó mọ̀ pé èsì tí mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ìkóríta tó wà.

Ìjọ wa wà lẹ́yìn Bẹẹrẹ, ní apá ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè lọ sí Mápó. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé, páànù tó ti dógùn-ún ni yóò máa rí títí lọ dé Bẹyẹrúnká, yóò sì máa gbọ́ ariwo Ọjà'ba bí ẹni pé inú àgbàlá ni wọ́n ti ń tajà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo dúró sí fún ọdún méjìdínlógójì. Mo ń gba ọmọ wọlé níbẹ̀ láàárọ̀, mo sì ń fà á lé òbí rẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ohun tó kù tí mo ṣe láyé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé. Mo ti jáde fọ́ọ̀mù fáìfù, n kò rí ibi tí n ó lọ, ìyá mi sì ń ta aṣọ òfì ní Ọ̀jẹ́. Pásítọ̀ ìgbà náà sọ fún ìyá mi pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ran Màmá Dọ́káàsì lọ́wọ́ ní ìjọ ọmọdé. Ìyá mi ní kí n lọ, pé ó sàn ju kí n máa ká ọwọ́ gbera nídìí igbá òun. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà yẹn, kò sì tó nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Màmá Dọ́káàsì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti ṣe tíṣà nílé ìwé míṣọ́ọ̀nù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, aṣọ wọn kì í rún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ ìtàn Bíbélì sọ, mà."

"Ìyẹn ò tíì kàn ọ́. Lọ jókòó síbẹ̀ yẹn."

Bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n nawọ́ sí, èyí tí kò ga ju ojúgun mi lọ. Mo jókòó, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Àwọn òbí ń kọjá lójú ọ̀nà.

"Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkan kan, mà."

"Tún wò ó."

Mo tún wò ó. "Ikùn àwọn àgbà ni mo ń rí, mà. Àti báàgì wọn. Àti ọwọ́ wọn."

"Ohun tí ọmọdé ń rí láyé nìyẹn. Ìwọ tó o fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná."

Ọdún kan gbáko, n kò sọ ìtàn kan. Okùn bàtà ni mo ń so, ikun imú ni mo ń nù, èmi ni mo ń kó wọn lọ sí ilé ìgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé ní méjì méjì. Bó bá di Mọ́ńdè, èmi àti Màmá Dọ́káàsì á máa lọ láti agboolé dé agboolé, ká wo ọmọ tí kò wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọn kì í gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi fojú kan ọmọ ọ̀hún. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín ọ̀nà mọ̀ wọ́n dáadáa. "Tíṣà, ta ló tún sá lónìí?" ni wọ́n máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá Dọ́káàsì kì í ka iye àwọn ọmọ. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ náà mú. Dípò kíkà, wọ́n ní kí n mọ̀ wọ́n: orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, agboolé, ẹni tó ń mú un wá, ẹni tó ń wá mú un lọ. Wọ́n á ní kí n kọjú sí ògiri, wọ́n á sì bi mí pé, "Ta ni kò wá lónìí?" Lọ́jọ́ kan mo ní Sámúẹ̀lì ni. Wọ́n ní kí n lọ wò ó nílé. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Mọ́lété nínú oòrùn. Ìyá rẹ̀ dìde dúró nígbà tó rí mi.

"Sámúẹ̀lì? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló wà!"

Bí mo ṣe sáré padà, mi ò mọ̀. Abẹ́ bẹ́ńṣì ni Sámúẹ̀lì sùn sí. Màmá Dọ́káàsì ló jókòó tì í, tí wọ́n ń fi ìwé orin fẹ́ ẹ. Wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Látòní lọ, wàá máa wo abẹ́ bẹ́ńṣì."

Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n sọ ìtàn, Gòláyátì ni mo kọ́kọ́ sọ. Mo ranjú, mo bú bí kìnnìún, títí ọmọ kan fi tọ̀ sára. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́. Màmá Dọ́káàsì pa aṣọ dà fún ọmọ náà, wọ́n sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìgboyà lo fẹ́ fún wọn tàbí ẹ̀rù? Ta ló ni ìtàn yẹn, Dáfídì àbí Gòláyátì?"

Ohun kan péré ni wọn ò kọ́ mi: kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní òjò ń pa ìwé, eku ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ orí ti wọ orí. Bí wọ́n ṣe ṣe é títí ojú wọn fi ṣú nìyẹn. Ọdún keje tí mo débẹ̀ ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, wọn ò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi jáde láyé.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà kò ju pátákó kan tí a fi aṣọ fùláńẹ́ẹ̀lì bò lọ. A ń gé Mósè àti Fáráò látinú páálí, a ń lẹ aṣọ mọ́ wọn lẹ́yìn, bí a bá sì tẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, wọ́n á lẹ̀. Mósè kan náà ni mo lò títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà ni àwòrán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ dà kọ dé, lẹ́yìn náà kásẹ́ẹ̀tì orin, lẹ́yìn náà tẹlifíṣọ̀n. Mo gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ara mi kò yá sí i. Ní tèmi, bí ọmọ bá ti ń wo ojú mi, ó tó.

Mo lọ́kọ láàárín ìgbà yẹn. Ó ń tún aago ṣe ní Ọjà'ba, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, Ọlọ́run kò sì fún wa lọ́mọ. Nígbà tó kú, gbogbo ìjọ wá kí mi, gbolóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Àǹtí, ẹ má sunkún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó kún gbọ̀ngàn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó kún gbọ̀ngàn, òbí wọn a máa wá mú wọn lọ. Bó bá ti di ọ̀sán Sọ́ńdè, èmi nìkan ni mo ń to bẹ́ńṣì.

Ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ kọ ló kàn yìí.

Ọkọ mi ṣì wà láyé nígbà náà, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń dá iṣẹ́ náà ṣe. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Mojísọ́lá, a ń pè é ní Mojí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, kì í sì í lè sọ orúkọ ara rẹ̀ kó má fẹ́ atẹ́gùn. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní Bẹyẹrúnká. Ní Sọ́ńdè kan, mo kúnlẹ̀ tí mo ń so okùn bàtà ọmọ kan lẹ́nu ọ̀nà, ni ìyá Mojí bẹ̀rẹ̀ sí mi létí.

"Àǹtí, èmi àti bàbá Mojí ti pínyà o. Ó ní òun máa gbé ọmọ lọ. Bó bá wá síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un."

Mo ní, "Ó ti yé mi."

Mo so okùn bàtà náà tán. Ọmọ mìíràn ṣubú, ó ń ké. Orin bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé nìyẹn, bó sì ṣe jáde nìyẹn.

Sọ́ńdè kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin náà wá. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó mú bisikíìtì dání. Mojí rí i látòkèèrè, ó sáré, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ọkùnrin náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ ẹ̀ rí bó ṣe ga!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá bàtà Mojí jáde láàárín àwọn tó kù, mo sì fi ọwọ́ ara mi wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ìsìn àwọn àgbà parí, ìyá rẹ̀ dé.

"Àǹtí, Mojí dà?"

"Dádì rẹ̀ ti..."

Ẹnu ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti padà wá sí mi lórí, ohùn rẹ̀ létí mi, okùn bàtà lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà di férémù ilẹ̀kùn mú. Kò pariwo. Ó ní, "Mo sọ fún yín. Àǹtí, mo sọ fún yín." Lẹ́yìn náà ló sáré bọ́ sójú títì Bẹẹrẹ láìmú báàgì rẹ̀.

Àwọn alàgbà pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Obìnrin náà jókòó kọjú sí mi. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìyá ọmọ yìí kìlọ̀ fún yín?"

Mo ní, "N kò rántí pé ó sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ náà. N kò ní kò sọ ọ́. Mo ní n kò rántí. Mo sì ń rántí. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. Kò bá mi jiyàn. Àwọn alàgbà gba tèmi gbọ́, torí ta ni kò mọ̀ pé Àǹtí kì í gbàgbé ọmọ? Wọ́n ní ìdààmú ló mú kí obìnrin náà rò pé òun ti sọ ọ́.

Oṣù méje ni wọ́n fi wá Mojí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ní abúlé lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti rí i. Ìyá rẹ̀ gbà á padà, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin. Kò dágbére fún ìjọ. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọ́ńdè kan, mo rí àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ọ̀nà mìíràn.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún ọkọ mi. Ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú kì í lè bá ẹlòmíì ṣọ̀rẹ́ dénú, torí kò mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ á débẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn tí n kì í fi í jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Pásítọ̀ méjì lọ, òmíràn dé. Ọdún tí wọ́n dé ni àìsàn dá mi gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo fi padà, ìdajì àwọn ọmọ ti ń jókòó ti ìyá wọn nínú ìjọ ńlá, wọ́n ń sùn. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń mú ọmọ kọ̀ọ̀kan wá. Kò sí ẹni tó mọ ọmọ tí ẹ̀pà lè pa, tàbí èyí tí gìrì máa ń mú. Orí mi ni gbogbo rẹ̀ wà, orí mi sì wà lórí ìrọ̀rí. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní, ẹ ti wá rí i pé ẹ ò lè ṣe é láìsí mi.

Pásítọ̀ rí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ìdarí ìjọ ọmọdé tò. Wọ́n fẹ́ pín in sí mẹ́ta: àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́langba, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, kí ẹnì kan sì wà lókè gbogbo wọn. Gbogbo ọmọ ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òbí kò ní mú ọmọ lọ láìmú káàdì dání. Ẹni tí wọ́n sì fẹ́ fi ṣe olórí ni Fọlákẹ́, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó kàwé lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Èmi yóò wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìjọ gbóná. Àwọn tí mo ti nu imú wọn rí ti di bàbá àti ìyá. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan Àǹtí. Alàgbà Bánkọ́lé, tí wọ́n jẹ́ alága ìgbìmọ̀, ló ṣáájú wọn. Mo gbọ́, n kò sì ní kí wọ́n má ṣe é.

Wọ́n pe ìpàdé lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan. Fọlákẹ́ jókòó sí ìdí tábìlì, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ iléèwé. Alàgbà Bánkọ́lé dìde.

"Pásítọ̀, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí Àǹtí ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ mélòó ló sọnù lọ́wọ́ wọn? Ẹyọ kan ṣoṣo, Mojí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ yíjú sí mi. "Àǹtí, a fẹ́ gbọ́ tẹnu yín."

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, pé kí wọ́n má lé àgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo dìde. Ṣùgbọ́n ojú tí ìyá Mojí fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ni mo ń rí.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni."

Alàgbà ní, "Ẹ̀bi kí ni, Àǹtí?"

"Ti Mojí. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi. Ẹnu ọ̀nà yìí ló ti sọ ọ́ fún mi, mo sì ní ó ti yé mi. N kò kọ ọ́ síbì kankan. Mo gbàgbé. Nígbà tí ẹ bi mí, mo ti rántí, mo sì purọ́ fún yín lójú rẹ̀."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi mọ ìgbà tó bá tèmi.

Alàgbà Bánkọ́lé jókòó, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ ọ́ nígbà yẹn?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní."

Mo fi kún un pé ohun tí Pásítọ̀ fẹ́ ṣe dára, pé bí káàdì bá ti wà nígbà yẹn, bàbá Mojí ì bá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Mo jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba ètò tuntun náà wọlé. Àwọn kan ní kí n lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Pásítọ̀ ní kí n dúró fún ọdún méjì, kí n kó ohun tó wà lórí mi fún Fọlákẹ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi àti òun, ní gbogbo Túsìdé àti Tọ́sìdé. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ kan, agboolé kan, ìyá kan, àìsàn kan. Nígbà míì a ó fi gbogbo ọ̀sán ṣe ọmọ mẹ́wàá péré. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń dà bí ẹni pé wọ́n ń kó ẹrù kúrò nínú yàrá kan tí mo ti ń gbé pẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ẹ ò bínú sí mi?"

"Mo bínú sí ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, mà?"

"Mo rí i pé o máa ń bẹ̀rẹ̀ kó o tó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ọrùn máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá ń gbójú sókè."

Mo ní kó máa tẹ̀wé ẹ̀ lọ.

Sọ́ńdè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ káàdì, ìyàwó Alàgbà Bánkọ́lé wá mú ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ti gbàgbé káàdì sílé. Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, kò sì fún wọn lọ́mọ.

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín, mà. Ẹ jọ̀ọ́, káàdì ni."

Màmá náà yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ ò ní bá a sọ̀rọ̀?"

Gbogbo àwọn òbí tó wà lẹ́yìn ń wò mí. Mo ní, "Ẹ lọ mú káàdì wá, mà. A ó máa tọ́jú rẹ̀ dè yín." Wọ́n lọ, wọ́n sì mú un wá. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí mi mọ́. Àwọn tó kọ lẹ́tà nítorí mi náà ò kí mi mọ́. Wọ́n ní mo dójú ti àwọn. Mo gbà pé òótọ́ ni.

Láàárín ọdún méjì yẹn ni mo wá nọ́ńbà ìyá Mojí. Aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́ kan ní Bẹyẹrúnká ló fún mi. Mo jókòó ti fóònù fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán o. Àǹtí ni. Àǹtí ìjọ ọmọdé, ní Ìbàdàn."

Mo ń gbọ́ bí maṣíìnì ìránṣọ ṣe ń sáré lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró.

Mo ní, "Mo rántí lọ́jọ́ yẹn. Mo purọ́ mọ́ ọ. Mo ti sọ fún ìjọ."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ rántí. Mo rí i lójú yín."

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Mojí ti dàgbà o. Ó ti jáde ní yunifásítì. Títí dòní, bí mo bá pẹ́ díẹ̀ láti dé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́, mà."

N kò pè é mọ́. Ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ìdáríjì. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kọ́ ló ni ìdáríjì.

Ní báyìí, ògiri funfun ni wọ́n ti ń fi ìtàn hàn wọ́n, Mósè ń rìn, òkun ń pín sí méjì pẹ̀lú ariwo. Àwọn òbí ní ojú ìwé kan lórí fóònù tí Fọlákẹ́ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí. Ó ṣe àìsàn lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá, kò sì sí nǹkan tó dàrú. Ẹlòmíì ṣí ìwé, ó sì mọ ohun tí yóò ṣe. Mo wo ìyẹn, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ tó yẹ.

Nítorí náà, ọmọ mi tó bi mí léèrè, bẹ́ẹ̀ ni, ó tó iṣẹ́ tí èèyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Kò sí iṣẹ́ gidi kan tó gidi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà, kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó so okùn bàtà tán. Bó o bá ṣì í ṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Sì wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ láàárín àwọn àgbà, kí ilẹ̀ má ṣú bá ọ láàárín ọmọ ọlọ́mọ.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìfẹ̀yìntì mi, mo wọ inú ìjọ ńlá. Ọdún méjìdínlógójì, gbọ̀ngàn ọmọdé ni mo wà bí wọ́n bá ń ṣe ìsìn àwọn àgbà. N kò mọ ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí. N kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde. Mo dúró sẹ́yìn, mo di báàgì mi mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń júwe àyè fún èèyàn wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ mí. Ó ní láti jẹ́ pé láìpẹ́ ló dé ìjọ wa.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé àlejò ni yín?"

Mo rò ó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mú mi lọ sí ìjókòó kan láàárín. Obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi gbé báàgì rẹ̀ kúrò kí n lè jókòó. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé n kò ní ìwé, ó sún tirẹ̀ mọ́ mi, a jọ dì í mú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi létí. "Kí là ń pè yín, mà?"

Àǹtí ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Ràhílà."

"Ẹ káàbọ̀, Ràhílà," ni obìnrin náà wí, ó sì fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n kọ orin náà dé.